Orúkọ Ìyá Jàǹbá

Ogun tí à ń wí yìí kò ní ẹṣin, kò sì ní ọfà. Katapílà ògbólógbòó kan ló ń ṣáájú rẹ̀, àwọn géńdé tí iṣẹ́ kì í wù ló sì ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ogun ni. Ẹni tó bá ti kọ́lé sí ẹ̀yìn Ìjòkó rí mọ̀ pé kò sí àbùmọ́ nínú orúkọ tí wọ́n ń pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ajagungbalẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń jagun, wọ́n sì ń gba ilẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń fi ẹni tó bá lọ fẹjọ́ wọn sùn rín.

Àwọn tí ogun yìí ká mọ́ ni àwọn onílé Àbúlé Ìdèra. Ará Ọ̀yọ́ àti ará Ọ̀ṣun ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ti fi ọdún gbọọrọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ṣàngó Ọ̀tà, tí wọ́n ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì kó wọlé kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Lọ́wọ́ ẹbí tó ni ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ti rà á. Àfi bí ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ ẹbí náà, tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Ọ̀tà, ṣe gbé katapílà dé lọ́jọ́ kan tó ní òun ti gba ilẹ̀, kí kálukú wá tún tirẹ̀ rà lọ́wọ́ òun. Jàǹbá ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pè é. Nígbà tí àwọn onílé kọ̀ jálẹ̀, ó gbẹ́ kòtò jíjìn sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, ó pàgọ́ sí ẹ̀bá rẹ̀, ó sì jókòó tì wọ́n. Ọkọ̀ omi kò lè wọlé mọ́. Ẹni tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ á gba orí pákó tí wọ́n gbé dábùú kòtò kọjá, wọn á sì tú báàgì rẹ̀ bíi pé ó ń ti ẹ̀yìn odi bọ̀.

Nínú gbogbo wọn, Susanna ni ìyà náà jẹ jù. Ará Ìkirè ni, ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ṣàngó ló ti ń di bisikíìtì sínú páálí. Cornelius ọkọ rẹ̀, wẹ́dà, ló dúró síwájú katapílà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó sì kọ̀ láti kúrò. Kò gbé igi, kò gbé àdá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló nà sókè. Lọ́jọ́ kejì ni ọlọ́pàá wá mú un. Wọ́n ní ó ṣá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Jàǹbá lọ́gbẹ́. Láti ìgbà náà ló ti wà lẹ́wọ̀n ní Abẹ́òkúta, tó ń retí ìdájọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró tì í lọ́jọ́ náà tó lè jẹ́rìí pé irọ́ ni, ìyẹn Ọláoyè, aládùúgbò wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí lọ́yà bi Ọláoyè, ó ní ojú òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, òun ń wo ibòmíràn. Susanna kò bá a jà. Ó kàn ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, níwájú katapílà tó ń bú ramúramù, ibo ni èèyàn tún ń wò?

Baba Adérógbà, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n fi ṣe olórí. Láti ọjọ́ tí kòtò ti dé ni wọ́n ti ń pè é ní Balógun, ó sì ń dáhùn bíi pé wọ́n ti já ewé oyè lé e lórí. Òun ló pe ìpàdé ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ti pinnu pé kí tírélà yanrìn gba ọ̀nà ẹ̀yìn àbàtà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n fi dí kòtò nígbà tí àwọn ọmọ Jàǹbá bá ń sùn oorun ọ̀sán. Ètò náà dára. Àṣé ó ti dé etí ibi tí kò yẹ kó dé. Nígbà tí àwọn tó lọ pàdé tírélà dé ẹ̀yìn àbàtà, wọ́n bá àwọn ọmọ Jàǹbá tí wọ́n jókòó sórí igi, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, tí wọ́n ń retí wọn. Wọ́n lu dírẹ́bà tírélà bíi kíkú bíi yíyè. Ọláoyè gbé apá tó fi báńdéèjì wé dé, gbogbo àdúgbò sì ń kí i kú ewu.

Láti ọjọ́ náà ni ìfura ti wọ Àbúlé Ìdèra. Bí fóònù ẹnì kan bá dún, gbogbo ojú á yí sí i. Bí ẹnì kan bá ra kẹrosíìnì wọlé, wọn á fẹ́ mọ bó ṣe rí ọ̀nà gbé e kọjá. Susanna náà ń fura. Ó fura sí Baba Adérógbà, torí pé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í kú. Ó fura sí pásítọ̀, tó ní òun ń lọ gbààwẹ̀ fún wọn nílé àna òun ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, tí kò sì padà dé mọ́. Ó fura sí Ọláoyè pàápàá, torí pé ó rí i lẹ́yìnkùlé tó fi apá oníbáńdéèjì gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó kún dé ẹnu. Lẹ́yìn náà ló bá ara rẹ̀ wí pé ìrora ọkọ òun ló ń mú òun ro ènìyàn sí búburú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló ń tibi iṣẹ́ bọ̀, tó dúró sí Toll Gate Ṣàngó, tó ń retí ọkọ̀ Ìjòkó. Joy, ọmọbìnrin tó ń ta píọ̀ wọ́tà níbẹ̀, sún mọ́ ọn. Oníbàárà rẹ̀ ni.

"Mummy, good evening o. One bros say make I greet you."

"Ta ni bros?"

"You sabi am na." Joy wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "E say your husband matter no hard. Anytime wey una people wan move again, just tell me the day and the road. Na all. Before that court day reach, your oga go don dey house. Mummy, abeg no vex. Na message dem send me."

Susanna ní kí Joy sọ fún ẹni tó rán an pé òun kò ní nǹkan kan tí òun fẹ́ sọ. Ó wọ ọkọ̀, ó sì jókòó sẹ́yìn. Kí á má parọ́ fún ara wa, kò jókòó bí akọni. Títí ọkọ̀ fi dé Ìjòkó ni ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ni, ọjọ́ àti ọ̀nà, Cornelius yóò sì wà nílé. Ojú ara rẹ̀ ń ti ara rẹ̀. Nígbà tó délé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé bí òun bá sọ, wọn á bi òun pé kí ló dé tó jẹ́ òun ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe.

Ó wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Pásítọ̀ ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ogun: kí ọ̀tá ṣubú, kí iná jó o, kí ó má rí ọjọ́ keje. Susanna bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pe iná, ó pe mànàmáná, ó ń gbọn orí. Nígbà tó kù kó dárúkọ ẹni tí iná yóò jó, ẹnu rẹ̀ wọ. Nítorí pé nínú gbogbo Àbúlé Ìdèra, lójú tirẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ pé Sirajudeen ni Jàǹbá ń jẹ́, pé ọmọ Ràfátù ni. Òun àti Ràfátù jọ dúró sídìí tábìlì kan náà ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì nígbà kan. Ràfátù ló kọ́ ọ bí a ṣe ń di páálí kí ọwọ́ má bó. Bí ebi bá ń pa wọ́n, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, èyí ń sọ pé Álíhámúdù lílàì, èyí ń sọ pé Ògo fún Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ti ń bá àwọn ọmọ ìta rìn ni Ràfátù máa ń fi sunkún jù. Ọmọ náà máa ń wá tọrọ owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ ni Susanna sì dá mọ̀ lọ́jọ́ tí katapílà dé. Ràfátù fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, òun àti Susanna kò sì ríra mọ́.

Susanna wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn lórí ìkúnlẹ̀, ó sì gbà á bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún ènìyàn ní ìjọ wọn, tí wọ́n ń fi orúkọ ìyá pe ẹni náà kí ó má baà di ti ẹlòmíràn. "Sirajudeen ọmọ Ràfátù, Olúwa, má jẹ́ kó ṣègbé. Gba ọkọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì gba òun náà lọ́wọ́ ara rẹ̀." Kò mọ ìgbà tí ohùn rẹ̀ lọ sókè. Ohun tó mọ̀ ni pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Cornelius, àyà rẹ̀ kò wúwo mọ́. Ó sunkún, ẹkún náà sì dùn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ di àdúrà àràárọ̀ àti àṣálẹ́.

Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn kò tíì rẹ́ kì í pa àṣírí mọ́. Àdìzát, obìnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Susanna, gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí wọ́n parí ìsìn, Baba Adérógbà pe gbogbo onílé jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúró síwájú, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Kí á tó sọ pé báyìí báyìí la ó ṣe," ó ní, "a ó búra. Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sí àgọ́ wọn wà nínú wa níbí. Bíbélì rèé. Kùránì rèé. Ẹni tí kò bá fẹ́ méjèèjì, ọ̀bẹ rèé, kó fẹnu kan irin."

Ọláoyè ló kọ́kọ́ dìde. Ó fi ọwọ́ tí kò ní báńdéèjì lé Bíbélì, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí páànù òrùlé fi ń dún. "Bí èmi Ọláoyè, Àjàní ọmọ Ìṣẹ́yìn, bá ta Àbúlé Ìdèra, kí n má kú ikú ire!" Àwọn ènìyàn ṣe àmín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àdìzát fi ọwọ́ lé Kùránì, ó búra wọ́ọ́rọ́wọ́, ó jókòó. Wọ́n ń búra lọ títí ó fi kan Susanna.

"Ẹ jọ̀ọ́, Balógun," ó ní, "mi ò ní búra. Olúwa mi ní kí n má ṣe é. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni náà ni. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ náà ni. Mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni."

Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Àdìzát dìde.

"Mo ti fẹ́ gbẹ́nu mi dákẹ́," ó ní. "Susanna, ọ̀rẹ́ mi ni ọ́, Ọlọ́run rí mi. Ṣùgbọ́n etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Tàárọ̀ talẹ́ lò ń gbàdúrà fún Jàǹbá. Kì í ṣe kó kú o, pé kó má ṣègbé! Orúkọ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, o mọ̀ ọ́n. Orúkọ ìyá rẹ̀, o mọ̀ ọ́n. Irú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kì í jẹ́ kí ìyàwó wọn gbọ́ orúkọ ìyá wọn, kí wọ́n má baà fi pè wọ́n sínú ìkòkò oògùn. Ìwọ, báwo lo ṣe gbọ́ ọ?"

Susanna ṣàlàyé Ràfátù. Ó ṣàlàyé tábìlì, ó ṣàlàyé páálí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ wọ́n lára. Ó wá ronú pé òtítọ́ tó kù ni yóò gba òun, ló bá sọ ọ̀rọ̀ Joy fún wọn pẹ̀lú. Ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá.

"Ẹ gbọ́ o!" Ọláoyè ló pariwo. "Ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn! Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gba ilé wa!"

"Mo ní mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ!"

"Ta ló gbọ́ ọ nígbà tí o sọ bẹ́ẹ̀?" Baba Adérógbà bi í. Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló sì dun Susanna jù. "Àwa la gba lọ́yà fún Cornelius, ìyá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa pe ẹjọ́ rẹ̀. Báwo ni màá ṣe sọ fún àwọn èèyàn yìí pé kí wọ́n tún máa jà fún ọkọ ẹni tó ń gbàdúrà fún ọ̀tá wọn?"

Ìdájọ́ wọn kò pẹ́. Lọ́yà kò ní lọ sí Abẹ́òkúta mọ́. Susanna yóò wà nínú yàrá kékeré tí àwọn akọrin ń kó aṣọ sí, lẹ́yìn pẹpẹ, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, lẹ́yìn náà kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Wọ́n gba fóònù rẹ̀. Àdìzát ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Inú bí Susanna. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó jókòó síbẹ̀ bí áńgẹ́lì. Ó bínú sí Àdìzát, ó bínú sí Balógun oníkòtò, ó bínú sí Ọlọ́run pàápàá. "Èmi tí mi ò búra nítorí Rẹ," ó sọ fún ògiri, "wò ó bí O ṣe ṣe mí." Ó ro Cornelius, bí yóò ṣe dúró ní kóòtù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí yóò máa wo ẹnu ọ̀nà fún lọ́yà tí kò ní wá. Ó ro ọ̀rọ̀ Joy lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n bá ti pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ tán, kí ló kù tí mò ń pa mọ́? Ó dojú bolẹ̀ láàárín àwọn aṣọ akọrin tó ń rùn ìyẹ̀fun àti òógùn, kò lè gbàdúrà, ó kàn ń sọ pé Jésù, Jésù, bí ọmọ tó sọnù lọ́jà ṣe ń pe ìyá rẹ̀. Orúkọ náà nìkan. Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé èémí òun ti ń lọ wọ́ọ́rọ́. Ẹjọ́ Cornelius kò yí padà, ilẹ̀kùn kò ṣí. Síbẹ̀ ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà nínú yàrá náà. Orí ìyẹn ló sùn lé.

Ohùn katapílà ló jí i ní òwúrọ̀.

Jàǹbá ti gbọ́ pé àwọn onílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn jáde, ó sì ka ọjọ́ náà sí ọjọ́ rere. Wọ́n fi pákó ńlá la kòtò kọjá. Àwọn onílé sáré jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti igi, wọ́n dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Òkò fò láti ìhín, ìgò fò láti ọ̀hún, orí ẹnì kan fọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Jàǹbá jókòó sílẹ̀ tó di orúnkún mú. Bí ìjà náà ṣe mọ nìyẹn. Katapílà dé ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, Jàǹbá sì gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, nítorí pé irú wọn fẹ́ràn kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wó ilé.

Ibi gbogbo dákẹ́. Kí Jàǹbá tó la ẹnu, ohùn obìnrin kan gba ojú fèrèsé kékeré lẹ́yìn pẹpẹ jáde. Susanna kò mọ̀ pé àwọn èèyàn ń gbọ́ òun. Ẹ̀rù ló ń bà á, àdúrà òwúrọ̀ rẹ̀ ló sì gbá mú.

"Sirajudeen ọmọ Ràfátù! Sirajudeen ọmọ Ràfátù! Olúwa, dá a dúró níbi tó wà! Má jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀!"

Àwọ̀ Jàǹbá yí padà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wojú ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ohun tí à ń fi orúkọ ìyá ènìyàn ṣe, wọn kò sì gbọ́ ọ rí pé wọ́n fi ń bẹ Ọlọ́run fún ẹni náà. Ẹni tó ń wa katapílà bọ́ sílẹ̀ láìdágbére.

"Ta ló sọ orúkọ ìyá mi fún wọn?" Jàǹbá bi àwọn tirẹ̀. Ó yíjú sí àwọn onílé, ojú rẹ̀ ń wá kiri, àfi bó ṣe dúró sórí ẹnì kan.

"Ọláoyè! Ìwọ ni! Ta tún ló mọ̀ ọ́n ní gbogbo Ṣàngó yìí, tí kì í bá ṣe ìwọ tí a jọ gbé òkú ìyá mi sin? Mo ní mi ò ní fọwọ́ kan ilé rẹ, kí o máa sọ tiwọn fún mi. Àṣé ò ń sọ tèmi fún wọn!"

Ká ní Ọláoyè dákẹ́, bóyá ìbá yè é. Ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kó dákẹ́.

"Sírá, mo fi Ọlọ́run búra!" ó pariwo. "Mi ò sọ nǹkan kan nípa rẹ fún wọn! Tiwọn nìkan ni mò ń sọ fún ọ!"

Kò tíì parí rẹ̀ tó fi gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Jàǹbá kò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹni tí wọ́n ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ kì í dúró lórí ilẹ̀ náà. Ó ń fẹ̀yìn lọ, ó ń wo ọ̀tún wo òsì, ó ń wo àwọn ọmọ tirẹ̀ ju bó ṣe ń wo àwọn onílé lọ, ó sì ń bi wọ́n léraléra pé ta ni nínú wọn ló sọ ọ́. Wọ́n fi katapílà sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọwọ́ ti ba Ọláoyè. Wọ́n fa báńdéèjì rẹ̀ ya, awọ ara rẹ̀ ń dán lábẹ́ rẹ̀, kò sí ọgbẹ́ kankan. Igi bà á lórí. Ẹnì kan ti ń bèèrè táyà. Baba Adérógbà lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá akọrin fúnra rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Susanna kò dúró gbọ́ ọ. Ó sáré jáde, ó fi ìgúnpá la àárín wọn kọjá, ó sì dúró lórí Ọláoyè tó ti wà nílẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀!"

"Susanna, yẹra!" Àdìzát ń sunkún, búlọ́ọ̀kù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ! Ó jẹ́ kí n pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀!"

"Bí ẹ bá pa á, ta ló máa sọ̀rọ̀ fún Cornelius?" Kì í ṣe pé kò bínú. Ó bínú tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, ká ní òun àti Ọláoyè nìkan ló wà níbẹ̀, kò mọ ohun tí ìbá ṣe. "Mo ti gbàdúrà fún ẹni tó burú ju èyí lọ. Àdìzát, ọ̀rẹ́ mi, sọ ọ́ sílẹ̀."

Búlọ́ọ̀kù já bọ́. Susanna bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọláoyè, o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé Cornelius ṣá ọmọ yẹn?"

Ọláoyè gbé ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sókè. "Mo fi Ọlọ́run tó dá mi—"

"Má búra!" Ó jágbe mọ́ ọn. "O ti búra tó. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ọkùnrin náà wo gbogbo ojú tó yí i ká, ó tún wo tirẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ kọ́," ó ní. "Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni."

Susanna dìde. Ó kàn ń sọ pé ẹ ṣé, Bàbá, ẹ ṣé, kò sì dá a lójú bóyá Baba Adérógbà ni àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ó ń bá sọ̀rọ̀. Balógun ní òun yóò pe lọ́yà lójú ẹsẹ̀, kí Ọláoyè lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà ní Ọ̀tà lónìí, kí ó sì sọ ọ́ níwájú adájọ́ lọ́la.

Ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà wọ́n ti wà nínú ọkọ̀, Balógun níwájú, Àdìzát lẹ́yìn, Susanna àti Ọláoyè láàárín. Ọláoyè ń wo ojú fèrèsé. Ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró kó èrò, ojú rẹ̀ á lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Susanna di ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń bẹ Ọlọ́run fún un tọkàntọkàn pé kí Ó fún un ní ìgboyà títí dé iwájú adájọ́. Àdúrà náà mọ́, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún di ẹ̀yìn ẹ̀wù Ọláoyè mú gírígírí, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi dé Ọ̀tà.